Èéfín Nìwà, Ṣùgbọ́n Ìwà Ta Ni?

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, rírú ní í rú. Bó ti wù kí èèyàn fi aṣọ bo ìwà rẹ̀ tó, yóò wá ibi tí ihò wà, yóò yọ síta, aráyé yóò sì mọ ilé tó ti wá. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni òwe yìí ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìkùnà, àfìgbà tó dé Ìkòsì ní Èkó. Ní Ìkòsì, èéfín ń rú lálaalẹ́, kò sì sẹ́ni tó ni ìwà náà.

Ẹni tó ń dáná yìí, a ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òpópónà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣáà máa pè é ní Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Bàbá kọ́lé, wọ́n gbin òdòdó yí i ká. Wọ́n gbin igi gíga tí ewé rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní masquerade, wọ́n gbin àgbọn méjì síwájú, wọ́n sì ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gádínà á dé pẹ̀lú àdá, á rẹ́ gbogbo rẹ̀, á wọ́ ọ jọ sí igun ọgbà: ewé tútù, imọ̀ àgbọn, koríko, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti so tán. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti bàtà sílípáàsì tó já á bá wọn dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n.

"Bàbá, ibo ni ká kó eléyìí sí, sà?"

Bàbá á wo ojú ọ̀run, wọ́n á wo fèrèsé aládùúgbò. "Fi í síbẹ̀. Ó dalẹ́."

Ó dalẹ́, nítorí pé ojú ń ti Bàbá lọ́sàn-án. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó kò fààyè gba kí èèyàn máa sun pàǹtí ní gbangba, LASEPA, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká, sì ti kìlọ̀ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Aṣọ àwọn ayálégbé wà lórí okùn. Ṣùgbọ́n òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, kò sì mọ ẹni tó ń ṣáná. Nígbà tí àdúgbò bá ti sùn, Bàbá á bu epo bẹntiróòlù díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì jẹnẹrétọ̀, torí ewé tútù kò gbọ́ ti ìṣáná. Wọ́n á dà á lé e, iná á sọ gbàù, Bàbá á fò sẹ́yìn, wọ́n á ní "Jésù!", wọ́n á wọlé, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ti parí nìyẹn, lójú tiwọn.

Ibi tí wọ́n sì ti rò pé àwọn gbọ́n gan-an ni wọ́n ti ṣìṣe. Lọ́sàn-án, oòrùn a máa mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gbéra, á gbé èéfín lọ sókè, atẹ́gùn á tú u ká. Lóru, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ a tètè tutù, afẹ́fẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀ náà á tutù, á dùbúlẹ̀, èyí tó móoru á sì bò ó lókè bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín kò ní ríbi gòkè. Ojú fèrèsé nìkan ló kù fún un. Ewé tútù sì tún rèé: omi inú rẹ̀ ló ní láti kọ́kọ́ hó tán kó tó lè jó dáadáa, nítorí náà kò ní ràn, á kàn máa rú túú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èéfín bẹ́ẹ̀ kún fún èérún tí ojú kò lè rí, tó ń gba imú kọjá dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn á tibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ti ọ̀rá tó wà láàárín rẹ̀ tún burú ju ti ewé lọ. Wákàtí tí Bàbá fi bojú ni wákàtí tí ìwà wọn ń wọlé onílé.

Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ Báńkì Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde nípa Èkó. Wọ́n ní lọ́dún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ burúkú rán nǹkan bí 11,200 èèyàn sọ́run láìtọ́jọ́, owó tó bá ọ̀ràn náà lọ sì tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá ka ìyẹn fún Bàbá, wọ́n á ní ọkọ̀ akẹ́rù, ilé iṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀ ló fà á. Irọ́ kọ́ o, àwọn ni ògúnná gbòǹgbò. Jẹnẹrétọ̀ méjì sì ni Bàbá ní.

Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ wá wo WhatsApp àdúgbò.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló dáná lóru àná? Ìnhélà la fi gbé ọmọ mi dé òwúrọ̀."

Bàbá ló máa ń kọ́kọ́ fèsì. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò yẹn náà ni. Kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ wọn."

"Àmín." "Àmín." "Àmín, Dádì."

"Ẹ̀yìnkùlé yín lèéfín ti ń jáde o, sà."

"Atẹ́gùn ló gbé e wá síbẹ̀, Ìyá Ìbejì."

Ẹnì kan á fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́, ẹlòmíràn á polówó ẹja tútù, ọ̀rọ̀ á tán. Èmi ò tíì rí òwe tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn rí.

Bó bá di pé ẹ ká Bàbá mọ́, wọ́n á sá sẹ́yìn àwọn baba ńlá. "Ṣé àwọn baba wa ò sun igbó ni?" Wọ́n sun ún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí bí wọ́n ṣe sun ún. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣán oko, wọ́n á jẹ́ kí igbó tí wọ́n ṣán gbẹ kí òjò tó dé. Wọ́n á fi ọkọ́ ro etí oko yí ká kí iná má baà kọjá, wọ́n á wo ọ̀dọ̀ tí atẹ́gùn kọjú sí, wọ́n á sì sọ fún olóko tó pààlà pẹ̀lú wọn. Ọ̀sán gangan ni, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì dúró tì í pẹ̀lú ẹ̀ka igi tútù lọ́wọ́. Bí èéfín bá rú, ará abúlé kejì á ní, "Oko lágbájá ni wọ́n ń sun yẹn." Èéfín wọn lórúkọ. Eérú rẹ̀ gan-an kì í ṣòfò: oko ló ń gbà á, ti èèpo kòkó wọnú ọṣẹ dúdú, àwọn aláró á sẹ́ omi eérú fún ìkòkò aró wọn. Ó sì tún ku ohun kan: oko wọn jìnnà sí yàrá tí èèyàn ń sùn.

Mi ò ní fi ìjọba sílẹ̀ o. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2018, iná sọ ní ààtàn Olúsosùn ní Òjòta, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ wa yìí náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún éékà, ìdọ̀tí Èkó ló sì ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Èéfín gba ojú pópó, ó gba Òjòta, ìjọba sì ní láti ti ibẹ̀ pa fúngbà díẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, òwe àwọn àgbà tún rìn déédéé: gbogbo wa la ni ìwà náà, kò sì sẹ́ni tó lè ní atẹ́gùn ló gbé e wá. Láti 1977 ni ìpínlẹ̀ yìí ti ní àjọ tó ń kólẹ̀kódọ̀tí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkọ̀ akólẹ̀ PSP kì í dé lọ́jọ́ tó yẹ. Tó bá sì dé, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lè ní àwọn ò gbé igi. Ẹ̀bi wọn pọ̀, mo gbà.

Àmọ́ kí lewé fẹ́ lọ ṣe nínú ọkọ̀ akólẹ̀? Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá yìí kan náà á dúró lẹ́bàá títì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó, wọ́n á ra ilẹ̀ dúdú àpò mẹ́ta àti ajílẹ̀ ẹlẹ́bọ́tọ, wọ́n á ná an títí. Kí ni ilẹ̀ dúdú, bí kò ṣe ewé tí ẹlòmíràn kò sun? Ní Ọ̀dógunyàn ní Ìkòròdú, odindi ilé iṣẹ́ ni wọ́n dá sílẹ̀ láti máa sọ pàǹtí ọjà di ajílẹ̀. Ọmọ Bàbá tó wà ní Lọ́ndọ̀nù ń sanwó fún káńsù lọ́dọọdún kí wọ́n tó bá a gbé ewé tirẹ̀ lọ fún irú iṣẹ́ yẹn. Lọ́ndọ̀nù ọ̀hún, èéfín tó dì pọ̀ mọ́ kùrukùru pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, kí wọ́n tó ṣòfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956. Nígbà tí Bàbá lọ kí ọmọ, wọ́n dúró ti garawa tí ọmọ náà ń kó ewé sí, wọ́n ya fọ́tò.

Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dùn mí jù. Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò jẹ́ jó bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n tò ó sídìí àwọn ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ló máa rà sí, oúnjẹ wọn sì ni. Ewé yòókù náà, kí wọ́n gé e kékeré, kí wọ́n kó o jọ síbi tí ibòji wà, kí wọ́n bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn, kí wọ́n máa yí i padà. Nígbà tó bá fi tó oṣù mẹ́fà, kò ní sí ìdí láti ná ilẹ̀ dúdú mọ́.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà ti pẹ́ jù, ejò á ti wọ inú rẹ̀. Àti pé àwọn ò ráyè báyìí, àwọn ń múra ìpàdé Àbámẹ́ta. Wọ́n ti fi wọ́n jẹ alága ìgbìmọ̀ tó máa wádìí ẹni tó ń dáná lóru.