Ẹ̀bẹ̀ Kì Í Tún Bọ́ńpà Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wa mọ́tò ní Sùúrùlérè, ní Yábàá àti ní Muṣin, ẹ pa rédíò yẹn, ẹ fetí sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà ò ní wà láyé kí bọ́ńpà mọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́ wọ́, kí n sì panu mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo pè yín fún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í ṣe ti owó epo, kì í sì í ṣe ti dọ́là. Ó jù wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó páàkì mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ ni, tó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra búrẹ́dì, tó sì jáde bá ilẹ̀kùn tó ti tẹ̀ wọnú.

Ẹ jẹ́ ká to àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, torí wọn ò rí bákan náà níwájú Ẹlẹ́dàá.

Ẹlẹ́ṣẹ̀ kìíní ni asálọ. Ó ń fi rìfáàsì bọ̀, ó gbọ́ “gbòà!”, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó jọ olówó mọ́tò, ló bá tẹná. Kí búrẹ́dì tó wọ ọ̀rá, ó ti dé Ojúẹlẹ́gba. Ẹlẹ́rìí kì í wọ́n: oníbọ̀ọ̀lì rí i, fọkanáísà rí i, ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá náà rí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní nọ́ńbà mọ́tò ọ̀hún. Ọ̀kan á ní Camry dúdú ni, èkejì á ní kẹ̀kẹ́ Márúwá ni, ẹ̀kẹta á ní kẹ́ ẹ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Asálọ á dé ilé, á jẹ ẹ̀bà, á sùn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹlẹ́ṣẹ̀ kejì ni ajagun. Òun kì í sá. Òun ló máa kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ pariwo: “Ta ló ní kẹ́ ẹ páàkì síbẹ̀? Ṣé bàbá yín ló ni títì ni?” Ó gbá ohun tó dúró lójú kan, ó tún ń bi í pé kí ló dé tí kò yẹra. Mi ò ní tan yín jẹ o, nígbà míì ajagun ní ẹjọ́ díẹ̀. Àwọn kan nínú yín á páàkì sí kọ́nà, ìdí mọ́tò á wà lójú títì bí ẹ ṣe ń ra aṣọ ní Tejúoṣó. Bí LASTMA tó ń darí ìrìn mọ́tò ní Èkó bá wọ́ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má pè mí. Síbẹ̀, ìpáàkì burúkú ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ àtifi mọ́tò tẹ ọmọnìkejì ní ìdí.

Ẹlẹ́ṣẹ̀ kẹta ló léwu jù, torí òun la fẹ́ràn jù. Ẹlẹ́bẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń rí hàn yín.

Dáńfó kan ń fi rìfáàsì bọ̀ ní àdúgbò kan nítòsí Bode Thomas. Kọ́ńdọ́ ń fọwọ́ gbá bọ́dì: “Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ṣì kù!” Ohun tó kù náà ni Corolla kan tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀. Gbì! Iná ẹ̀yìn fọ́, bọ́ńpà tẹ̀ wọnú lápá kan. Kí obìnrin tó ni mọ́tò tó yọ lẹ́nu géètì, kọ́ńdọ́ ti na gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀. Kò tíì mọ ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ ti délẹ̀. Dẹ́rẹ́bà bọ́ fìlà: “Màámi, ẹ ṣàánú wa, iṣẹ́ èṣù ni. Mọ́tò ọlọ́mọ́tò ni mò ń wà.”

Lójú ẹsẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́bẹ̀ ti pé. Alákàrà fi ìkòkò epo sílẹ̀ lórí iná, ó ní kí wọ́n dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ. Bàbá kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀ sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo bẹ yín, ẹwà wo ló wà lára iná ẹ̀yìn tó fọ́? Kó tó pẹ́, ẹjọ́ ti yí padà: ẹni tí wọ́n gbá mọ́tò rẹ̀ ti di ọ̀dájú, àwọn tó gbá a ti di ọmọ òrukàn. Obìnrin náà wo ojú èrò, ó ní kí wọ́n máa lọ. Dáńfó lọ. Gbogbo àdúgbò súre fún obìnrin náà.

Ìre ò bá a dé Muṣin. Nígbà tó gbé mọ́tò dé ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà, ọ̀gá yẹn ò yára sọ̀rọ̀. Ó rìn yí mọ́tò po, ó fi kókó ìka kan bọ́dì, ó dẹtí sí i, ó mi orí. Bọ́ńpà ò ní wàhálà, oníke ni: ó da omi gbígbóná lé e, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tì í, ó sì yọ padà síta. Iná ẹ̀yìn ló di ọjà Ládípọ̀. Ọlọ́jà ibẹ̀ ní bí ẹ bá ra ti ọ̀tún nìkan, ti òsì tó ti pàwọ̀ dà ò ní bá a mu, ẹ kúkú ra méjèèjì. Ọ̀rọ̀ wá kan akunmọ́tò. Òun náà ní àwọ̀ fádákà kì í gba àbùlẹ̀: bí òun bá kun ojú ibi tó họ nìkan, á hàn, bí òun bá kun bọ́ńpà, bọ́dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dà bí èyí tó ti gbó, kí òun kúkú kun gbogbo ẹ̀yìn. Ojú ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ti di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Alákàrà ò sí níbẹ̀. Bàbá ẹlẹ́wà náà ò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé òfin ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Láti 1945, nígbà ayé òyìnbó, la ti ṣòfin pé mọ́tò kò gbọ́dọ̀ rìn láìní ìnṣọ́ránsì tó máa gbọ́ ti ẹni tó bá ṣe léṣe. Òfin 2003 fi dúkìá kún un. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023, àjọ NAICOM tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì gbé owó rẹ̀ fún mọ́tò aládàáni láti ₦5,000 sí ₦15,000 lọ́dún, ó sì sọ owó tí wọ́n lè san lórí dúkìá ẹni tí ẹ bá gbá di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2025, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé rẹ̀ lójú títì.

Ẹ̀yin wá sọ ìwé ọ̀hún di ońdè tí ẹ fi ń lé ọlọ́pàá. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá wọn, ẹ ká a sínú ìwé mọ́tò, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá gbá ni wọ́n ṣe é fún! Ká ní dáńfó ọjọ́ yẹn ní ojúlówó ìwé ni, owó iná ẹ̀yìn àti ọ̀dà yẹn ì bá ti jáde láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò, kọ́ńdọ́ ì bá sì wọ aṣọ tó mọ́ relé. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta ayédèrú fún yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò yín wo NIID, àkọsílẹ̀ ìnṣọ́ránsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí mọ́tò yín ò bá sí níbẹ̀, bébà lásán lẹ rà.

Ní Ìlú Ọba, òfin ìrìnnà 1988 ní kí ẹni tó bá gbá mọ́tò dúró, kó fi orúkọ àti àdírẹ́sì sílẹ̀. Bí kò bá rí ẹni fún, kó fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 24. Òfin tiwa náà ní kéèyàn dúró. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham ń pa á mọ́ lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá wálé lóṣù Kejìlá, tí wọ́n gbá mọ́tò ní Adéníran Ògúnsànyà, wọ́n á ní iṣẹ́ èṣù ni. Àfi bí ẹni pé èṣù ò rí físà gbà.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ mi. Ẹni tó bá gbá mọ́tò, kó dúró. Bí kò bá rí olówó rẹ̀, kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí bébà, kó fi há abẹ́ wáípà. Ẹni tí wọ́n gbá, kó má gbá ẹnikẹ́ni létí, kó má já kọ́kọ́rọ́ gbà, kó má sì pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ sójà. Kí ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni kó ya fọ́tò: mọ́tò méjèèjì bí wọ́n ṣe dúró, nọ́ńbà wọn, ìwé ìnṣọ́ránsì ẹni tó gbá a. Bó bá jẹ́ ojú ibi tó kàn họ díẹ̀ tí ọwọ́ lè nù kúrò, kó fi í jì wọ́n. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ ò sì fẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò, ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà, kẹ́ ẹ sanwó níbẹ̀. Ní ti ìgbìmọ̀ ẹlẹ́bẹ̀, láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ báni bẹ̀bẹ̀ kó kọ́kọ́ fi ₦1,000 lélẹ̀.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Mọ́tò tó bá gbá mọ́tò, ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ni kó sanwó. Ẹ lọ yọ tiyín jáde lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tó máa parí.