Ilé Tí Ọtí Ti Jẹ́ Èèwọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ọmọkùnrin onílẹ́tà Gíríìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní fraternity, ń ṣe ní yunifásítì Amẹ́ríkà, kó má ṣe bi ọmọ ẹgbẹ́ kankan. Ìwé òfin wọn ni kó kà. Ọtí líle kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọdọ̀ fẹnu kan bíà. Ẹ ó rò pé ilé àwọn àlùfáà ni wọ́n ń ṣàpèjúwe. (Ẹ má sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn tiwa o: tiwọn ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà àti iná mànàmáná.) Èmi ò rò pé nítorí kí ọmọ má baà mutí ni wọ́n ṣe kọ òfin wọ̀nyí. Ọjọ́ tí ọmọ bá rú wọn ni wọ́n tó ń wúlò. Olú ẹgbẹ́ ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ káàkiri orílẹ̀-èdè, ó sì ń tinú rẹ̀ san owó adójútòfò. Bí ẹ̀mí bá bọ́, tí ẹbí olóògbé pẹjọ́, lọ́yà ẹgbẹ́ á ṣí ìwé: a ti kà á léèwọ̀, ẹ̀yin ẹ wò ó. Ọmọ tó rú èèwọ̀ dá wà nìyẹn. Adójútòfò tí òun náà dáwó sí lè sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ wo ilé ẹgbẹ́ Beta Theta Pi ní yunifásítì Penn State. Lórí ìwé, ọtí jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, kámẹ́rà sì wà nínú ilé. Lóṣù kejì ọdún 2017, lálẹ́ tí wọ́n gba ọmọ tuntun wọlé, kámẹ́rà ò sùn. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ó kéré tán, ife ọtí 18 ni ọmọ ọdún 19 kan mu láàárín ìṣẹ́jú 82. Ó ré bọ́ láti orí àtẹ̀gùn sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n gbé e sórí àga gbọọrọ, wọ́n sì gbé báàgì tó kún fọ́fọ́ kọ́ ọ lẹ́yìn, kó má baà yí sẹ́yìn kí èébì sì há a lọ́fun. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí wọ́n mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bíi wákàtí 12 kọjá kí wọ́n tó pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Ọmọ náà kú. Àwọn tó ń béèrè pé kí ló dé tí wọn ò tètè pe dókítà kò tíì ka ìwé òfin. Ẹni tó bá pè é ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọtí wà nínú ilé. Èèwọ̀ náà ò rí ọtí lé. Dókítà ló lé.

Wọ́n á ní àwọn ẹgbẹ́ yìí ló ń tọ́ olórí. Òótọ́ ni. George W. Bush ti jẹ́ ààrẹ Delta Kappa Epsilon ní Yale kó tó jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ariwo ta lọ́dún 1967 pé wọ́n ń fi irin gbígbóná sàmì sára ọmọ tuntun, òun ló ṣàlàyé fún New York Times pé ojú egbò náà kò ju ti iná sìgá lọ. Olóólà gan-an kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ojú egbò tó bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti Alpha Phi Alpha, tí akẹ́kọ̀ọ́ dúdú méje dá sílẹ̀ ní Cornell lọ́dún 1906, nígbà tí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè forí pamọ́ sí. Martin Luther King wà lára ọmọ ẹgbẹ́ náà. Mi ò ní ẹ̀fẹ̀ kankan tí mo lè fi èyí ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1990, òun àti àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú méje yòókù fòfin de sáà ìdánwò ọmọ tuntun, pàṣán sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Òfin tí ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣe lọ́dún 2018, lẹ́yìn ikú ọmọ Penn State yẹn, ló kọ́kọ́ yé mi. Ó fún ẹni tó bá wá ìrànlọ́wọ́ ní ààbò, ó sì gba ilé ẹjọ́ láyè láti gbẹ́sẹ̀ lé ilé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà tó ti kàwé jáde, tí wọ́n ń dáwó tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ti wá ní nǹkan tó lè bọ́ lọ́wọ́ tiwọn náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo kámẹ́rà kí lọ́yà tó dé.