Párásúùtì Kò Ní Ẹ̀rí
Ọ̀rọ̀ ṣùnnùkùn, ojú ṣùnnùkùn la fi ń wò ó: ṣé lóòótọ́ ni párásúùtì ń gba ẹni tó fò látinú bàálù là? Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí méjì, Gordon Smith àti Jill Pell, tú àwọn àkójọ ìwádìí ìṣègùn bíi Medline, Embase àti Cochrane yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Wọn ò rí ìwádìí kankan tí wọ́n ti ṣẹ́ kèké, kí àwọn kan gbé párásúùtì, kí àwọn yòókù máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àwọn tó ti já bọ́ láìní i, bóyá wọn ò ráyè jábọ̀. Ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ̀ ẹ́ jáde pé kò sí ẹ̀rí. Nígbà tó di 2018, èèyàn 23 gbà láti fò nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀: 12 gbé párásúùtì, 11 gbé àpò òfìfo. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ṣèṣe, ìyàtọ̀ ò sì sí láàárín wọn. Bàálù wọn ò kúkú gbéra nílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fò ò ga tó mítà kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú àbájáde ìwádìí lórí ìkànnì PubMed, tẹ́ ẹ sì ń pa kọ̀ǹpútà dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta párásúùtì yín.