Ilé tí Atẹ́gùn Gbé ní Òkè Ọ̀kà

Ìbòrí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ni àpótí ńlá aláìnídìí tí a dà dé ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ń kó ẹrù sí, kí òjò má baà pa ẹrù, tàbí kí ọlọ́kọ̀ lè tẹ́ ẹní síbẹ̀ kí ó sì sùn. Tapólì àti okùn ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ Àkókó fi ń ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n kíkan ilé sórí ọkọ̀ kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá, nítorí pé láyé bọ́lẹ́kájà, ọkọ̀ Bedford, tí ilé-iṣẹ́ Vauxhall bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1931, sábà máa ń dé láìní ẹ̀yìn: ẹ́ńjìnnì àti ṣásí, ìyẹn egungun irin tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé, ni wọ́n ń rà, àwọn káfíńtà ìbílẹ̀ a sì fi pákó líle kan ìyókù. Pákó náà wúwo, wọ́n sì ń fi irin dè é mọ́ ṣásí pinpin. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé àròkọ yìí, tí ó ní ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù kan ní Ìkàrẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni.

Èrò tirẹ̀ ni pé ìwúwo ni ọ̀tá, kò sì ṣìnà pátápátá, nítorí pé ẹni tí ó bá ti gun Òkè Ọ̀kà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ó ti darúgbó mọ bí kìló kọ̀ọ̀kan ṣe ń dunni. Pílàìwúùdù ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 tí ó nípọn tó mìlímítà 12 a máa wọn tó kìló 20, nígbà tí fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, bí ó tilẹ̀ nípọn ju ìyẹn lọ nílọ̀ọ́po mẹ́rin, kì í sábà kọjá kìló 3. Òǹkọ̀wé náà pinnu láti fi fóòmù kọ́ ilé rẹ̀, kí ó fi aṣọ kánfáàsì wé e, kí ó sì kùn ún lọ́dà, gẹ́gẹ́ bí àwọn arìnrìn-àjò kan ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà.

Káfíńtà àdúgbò ní kí ó lo gọ́ọ̀mù funfun tí a fi ń lẹ pákó, ṣùgbọ́n nítorí pé ìyẹn ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, ti àwọn aránbàtà ni ó rà, láìmọ̀ pé irú kẹ́míkà olóòórùn líle tí ń mú un yára gbẹ, bíi toluene, a máa yọ́ fóòmù. Ojú fóòmù rọra rì, ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́, ihò tó ẹnu agolo mílíìkì sì là láàárín rẹ̀, títí ọmọdé kan tí ó dúró wòran fi béèrè pé, "Dádì, ṣé iyọ̀ ni ẹ dà sí ìgbín ni?"

Ó fi gọ́ọ̀mù funfun tún un ṣe, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń fi ọwọ́ kan gbé ìbòrí náà sókè fún ẹni tó bá ń kọjá; okùn lásán ni ó fi so ó mọ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, agbára atẹ́gùn tí ó kọlu ojú pákó tí ó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo kìló 30, bí eré náà bá sì di ìlọ́po méjì, agbára náà di ìlọ́po mẹ́rin. Ìbòrí òǹkọ̀wé gbòòrò ju ìyẹn lọ dáadáa, okùn rẹ̀ sì ti dẹ̀, nítorí náà nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ọ̀kà, atẹ́gùn ti abẹ́ wọlé, ilé sì fò lọ bá ẹ̀gẹ́ olóko kan. Bàbá olóko yí i po, ó wo fèrèsé rẹ̀, ó sì béèrè ẹni tí ń gbé inú rẹ̀, kí ó tó wá dárúkọ iye owó ẹ̀gẹ́ tí ó dá.

Káfíńtà náà ni ó parí iṣẹ́: ó fi irin ká ẹsẹ̀ ìbòrí, ó fi bóòtù dè é mọ́ ara ọkọ̀, ó sì gé rọ́bà inú táyà sáàárín wọn kí omi má baà wọlé. Kò sì gba ju ti bóòtù lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, ó ní ẹ̀rín tí òun ti rín tó owó iṣẹ́.