Ẹ̀gbọ́n Oníjókòó Méjì, Ẹ Rọra Máa Bọ̀ ní Adido

Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò ọkọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Kútọnu ti tẹ gbogbo Adido lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí kò ní fóònù ti ń júwe rẹ̀ fún àwọn tó ní. Ọkọ̀ pupa, kúkúrú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ikùn wọ́lẹ̀, ìjókòó méjì péré, tí òrùlé rẹ̀ ń ká lọ sẹ́yìn nígbà tó bá wu ẹni tó ń wà á. Ẹ ní tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, tí ẹ bá padà sílé, òun ni ẹ ó máa gbé jáde lójoojúmọ́: ọjà, oko, òde, ilé ìwòsàn. A kí yín kú oríire. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló ní ìbéèrè. Wọ́n ní ṣé owó ló tán lọ́wọ́ yín tí wọn ò fi kan èyí tó kù mọ́ ọn?

Ẹ má bínú sí wa o. Ọmọ ilé ẹni kì í ra irú nǹkan báyìí kí ẹnu ó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ká wa lára. Ní gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ tí Adido wa wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń lọ mọ́sálásí, ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń bọ òrìṣà ilé bàbá rẹ̀, àdúrà kan náà ni gbogbo wọn fi ń pa á dé: kí ẹ̀yìn wa ó dára. Ẹ̀yin wá kó mílíọ̀nù sẹfà jọ, ẹ fi ra ohun tí kò ní ẹ̀yìn rárá. Níbo lọmọ máa jókòó? Ẹ sì rántí irú orílẹ̀-èdè tí a wà. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ méjì, Jeroen Smits àti Christiaan Monden, ka ìbejì káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, Benin tiwa yìí ló gbapò kìn-ín-ní: nínú ìbímọ 1000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 28 tó jẹ́ ìbejì. Táíwò kan, Kẹ́hìndé kan, ìyá wọn kan, ẹ̀yin kan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ yín kà á. Bí Táíwò bá wọlé, kí lẹ fẹ́ sọ fún Kẹ́hìndé? Pé kó máa sáré tẹ̀ lé yín bọ̀? Ẹni tó bá mú ìbejì bínú nítorí ọkọ̀ àlòkù, kí ó má wá bẹ̀ wá.

Ẹ tún gbọ́ ti ìjókòó kan tó ṣẹ́ kù yẹn. Ní ìlú òyìnbó, ìyàwó ló ń jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní Adido, ìyàwó yín á jáde láàárọ̀ ọjọ́ ọjà pẹ̀lú gèlè tó ti ń wé láti aago mẹ́fà, á bá ìyá yín nínú ọkọ̀. Màmá ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn gbé báàgì wọn sórí itan, wọ́n á máa wo iwájú. Kí ẹ tó yanjú ìyẹn, ìyá ìyàwó á ti Kaboua dé, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ti gbọ́ pé àna àwọn ra ọkọ̀. Ta lẹ fẹ́ ní kó sọ̀kalẹ̀? Ọkùnrin tó bá fẹ́ ìyàwó méjì ò tilẹ̀ gbọdọ̀ wo fọ́tò yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹjọ́ rẹ̀ á dé ààfin Oníṣábẹ̀ẹ́ kí oòrùn tó kanrí.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún mọ́tò ṣe fi fọ́tò náà sún mọ́ ojú, ó ní Mazda MX-5 ni. Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un lóòótọ́. Chicago ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi han aráyé ní 1989. Nígbà tó fi di 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ eré oníjókòó méjì mìíràn tó tíì tà tó o. Mílíọ̀nù kan èèyàn, ẹ̀gbọ́n, tí kò sí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun gbé iṣu nínú gbogbo wọn! Búùtù èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí gba nǹkan bí lítà 130. Lórí ìwé, ìyẹn ju bídọ̀n omi onílítà 25 márùn-ún lọ. Ẹ gbé bídọ̀n márùn-ún dé ìdí rẹ̀ kí ẹ wò ó, pẹ̀lú gbogbo kọ̀rọ̀ àti ìgun tó wà níbẹ̀. Èyí tó bá wọlé wọlé. Èyí tó kù á bọ́ síwájú, ẹ ó fi bẹ́líìtì dè é, Màmá á sì fẹsẹ̀ rìn.

Àpò gàrí ò ní wọ ibẹ̀, àfi tí ẹ bá fẹ́ máa fi igbá bù ú sí i. Iṣu nìkan ni ọkọ̀ yìí bá lára mu, torí òrùlé ò sí: ẹ to iṣu ní ìdúró sórí ìjókòó kejì, kí orí wọn ó yọ síta, ẹ wé gèlè fún èyí tó ga jù. Àwọn ará Ìdáàṣà tó bá pàdé yín lọ́nà á kí i, wọ́n á sì máa bínú pé ìyàwó yín ò dáhùn.

Wọ́n ní Mercedes náà ní tirẹ̀, SLK, tó jáde ní 1996. Irin ni òrùlé tìyẹn, ìṣẹ́jú àáyá 25 ló fi ń ká ara rẹ̀ wọnú búùtù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: inú búùtù. Ìyẹn ni pé nínú atẹ́gùn àti ẹrù, ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Oníṣòwò wo ní Ṣábẹ̀ẹ́ ló máa mú atẹ́gùn?

Ibí yìí ni àwọn àgbà àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Wọ́n ní a ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lásán ni, pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Nítorí ní Adido, ọkọ̀ kì í ṣe ti ẹni tó rà á. Orúkọ rẹ̀ kàn wà lórí ìwé ni. Aboyún tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóru, ọkọ̀ yín ni. Àga tí wọ́n fẹ́ kó lọ síbi ìsìnkú, ọkọ̀ yín ni. Àwọn màmá ìjọ tó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Màríà ní Arigbo, ní Ìdáàṣà, lóṣù kẹjọ, ọkọ̀ yín náà ni, ẹ̀yin lẹ ó sì ra epo. Ẹni tó ra ọkọ̀ onímárùn-ún á máa wá àwáwí títí àwáwí á fi tán. Táyà jò, bẹ́rẹ́kì ò dáa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Ẹni tó ra oníméjì, ẹ̀rín lásán ló máa rín: "Ẹ ò rí i, ó ti kún." Ahun ti wà láyé tipẹ́, àmọ́ kò tíì sí ahun tó lọ bá àwọn ará Japan kí wọ́n bá òun fi irin àti ẹńjìnnì ṣe é. A júbà yín.

Àmọ́ ẹ gbàgbé nǹkan kan, òun ló sì máa mú yín. Ẹni tó ń sá fún èèyàn, gíláàsì dúdú ló ń rà. Ẹni tó ti gíláàsì dúdú pa lè kọjá níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kó búra lálẹ́ pé òun ò rí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣí orí sílẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ẹni tó jókòó lábẹ́ igi láti Adido dé ojú irin rélùwéè ló máa rí yín láti àtàrí dé bọ́tìnnì kẹta. "Ẹ kú àárọ̀ o!" Ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" Ẹ dáhùn. "Ìyá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ará Kútọnu ńkọ́? Orúnkún ìyá ìyàwó yín ńkọ́?" Ẹ dẹ eré sílẹ̀. Àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tó ń jókòó àti ẹni tó ń gẹrun, ṣé a máa wá ti yín tì ni? "Ẹ kú oòrùn! Ẹ kú eruku! Ẹ kú ìnáwó àìlórùlé!" Ẹńjìnnì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sá 200 kìlómítà ní wákàtí kan, ọmọ tó gun kẹ̀kẹ́ lọ ra ọṣẹ ló máa fi yín sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ìyá rẹ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tó bá fi ìdí jókòó kí àgbà, ìròyìn rẹ̀ á ṣáájú rẹ̀ délé. Ẹ ó máa ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ó máa sọ̀kalẹ̀, ẹ ó máa dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ ṣá: ọkọ̀ yẹn rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì kó tó jáde.

Ẹ wá jẹ́ kí eégún dé. Ẹni tó ní gíláàsì á yí i sókè, á fọwọ́ bẹ̀bẹ̀ láti inú. Ẹ̀yin á wà ní gbangba, owó yín lápò, pàṣán lókè orí yín, ẹ ó máa na ọwọ́ sẹ́yìn fa òrùlé kó lè gòkè wá. Eégún tó bá gbọ́n á dúró kó parí. Á wá gba owó àlejò, á sì gba owó ìwòran lé e.

Ti ewúrẹ́ ò ní gùn. Ewúrẹ́ tó ń gun àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ láti kékeré, òrùlé aṣọ ni kò ní lè gùn? Adìyẹ ní tirẹ̀ ò ní yọ yín lẹ́nu, yóò kàn yé sórí ìjókòó aláwọ náà ni. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé adìyẹ Màmá ni, ẹ ò ní lè gbé ọkọ̀ jáde títí yóò fi pa á.

Ojú ọjọ́ gan-an wá ńkọ́? Ọyẹ́ á dé lóṣù kejìlá pẹ̀lú eruku, ẹ ó ti òrùlé. Oṣù kẹta, oòrùn tí kò jẹ́ kí àgbẹ̀ bọ́ fìlà lóko, ẹ ó ti òrùlé. Òjò á bẹ̀rẹ̀, á di oṣù kẹwàá kó tó dá, ẹ ó ti òrùlé. Atẹ́gùn tí ẹ torí rẹ̀ náwó, bóyá àárọ̀ kùtùkùtù díẹ̀díẹ̀ ló máa kàn yín, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì jí láti rí yín.

Èyí tó wá pa wá lẹ́rìn-ín jù lọ ni pé ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mú ohun oníjókòó méjì tí kò lórùlé wọ Adido. Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ pe zemidjan, ọ̀kadà wa? Ìjókòó méjì. Òrùlé kò sí. Atẹ́gùn ń fẹ́ lójú. Láti àwọn ọdún 1980 ló ti ń gbé wa kiri, kò sì sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ìjókòó méjì tirẹ̀ gba onímọ́tò, ìyá ọmọ, ọmọ ẹ̀yìn, ọmọ iwájú, àpò àgbàdo àti àkùkọ kan tó ń wo ọ̀nà fún gbogbo wọn. Ẹ mú MX-5 yín wá ká jọ dán an wò.

Peugeot 504 náà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó jáde ní 1968. Ní 1969 Pininfarina, àwọn ará Ítálì, ṣe àbúrò kan fún un tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, ìyẹn lọ ń gbafẹ́ létí òkun ní Faransé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Áfíríkà. Ní 1975 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna, lọ́dún yẹn náà ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, nígbà tó sì yá ó bímọ, bàṣé. Bàṣé! Tapólì ni òrùlé rẹ̀, ó ń ṣí, ó ń pa dé, kò nílò bọ́tìnnì, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ méjì tó. Ó ń kó iṣu, ó ń kó owú, ó ń kó èèyàn lé wọn lórí. Ọkọ̀ tó ń ṣílórí tí ẹ ń wá kiri nìyẹn, ó sì ti wà ní gareji Ṣábẹ̀ẹ́ kí ẹ tó ní ìwé ìwakọ̀.

Ti ọ̀nà ni màá fi parí, torí kò pọ̀. Lórí ọ̀dà láti Kútọnu, ẹ̀yin àti àwọn tírélà tó ń lọ sí Malanville lẹ jọ máa wà níbẹ̀, ojú yín á sì ṣe déédéé nọ́ọ̀tì táyà wọn. Tí ẹ bá yà kúrò lórí ọ̀dà, ibi tí àgbàrá ti la ilẹ̀ sí méjì, ikùn ọkọ̀ yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Tí epo bá tán, kpayo, epo fàyàwọ́, wà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ bi ẹńjìnnì náà bóyá inú rẹ̀ gbà á.

Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ àlòkù kún Kútọnu, pàápàá láti ìgbà tí Nàìjíríà ti fòfin de kíkó wọn gba orí ilẹ̀ wọlé, ní oṣù kìn-ín-ní 2017. Àwọn tó ń tà wọ́n á gbọ́ yín. Ẹ bá wọn fi pupa yẹn pààrọ̀ bàṣé kan, kódà kó jẹ́ èyí tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan ò tàn mọ́. Tí ọkàn yín ò bá gbà, ẹ máa gbé e bọ̀, a ó pàdé yín lójú irin. Ẹ kàn bá wa pe Màmá ná, kí ẹ sọ ẹni tó máa jókòó síwájú fún wọn, torí wọ́n ti ń sọ kiri ọjà pé àwọn ni.