Ilé Ọba Tó Jó ní Hollywood

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, a sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí òfò ṣẹ̀ kí ó lè gbójú sókè. Láyé ìgbà tí wọ́n pa òwe náà, ìjàǹbá ni iná, ará ìlú ló sì ń ru igi àti koríko tí wọ́n fi ń tún ààfin kọ́. Ọba ti òde òní, ìyẹn Hollywood, gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun gan-an ló ń ta ìṣáná, ó ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wá wo ààfin tó ń jó, ó sì tún ń ta ẹ̀wù tí wọ́n ya àwòrán iná náà sí.

Ẹ wo Fight Club, fíìmù tí David Fincher darí ní 1999 láti inú ìtàn àròsọ Chuck Palahniuk. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan tí kì í róorun sùn ló ń fi àga àti tábìlì IKEA wá ara rẹ̀ kiri. Ó pàdé Tyler Durden, ọlọ́ṣẹ, wọ́n sì jọ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ti ń lu ara wọn bí ẹni lu bàrà. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ọ̀hún, ẹ̀yìn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fa ọ̀rá kúrò lára àwọn olówó ni wọ́n ti ń jí i, wọn á wá tà á padà fún àwọn obìnrin olówó ní iye gọbọi. Nígbẹ̀yìn, àwọn ilé gogoro tí àkọsílẹ̀ gbèsè wà nínú wọn wó lulẹ̀. Ó yẹ kí àyà olówó já, àbí? Twentieth Century Fox, ilé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́ Rupert Murdoch nígbà náà, ló náwó sí i, ó lé ní mílíọ̀nù 60 dọ́là. Kò pa owó púpọ̀ ní sinimá Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n nígbà tó di DVD, ọjà rẹ̀ yá. Àṣé ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn, ara wọn ni àwọn olówó fíìmù ń sọ. Wọ́n fa ìbínú jáde lára òṣìṣẹ́, wọ́n sè é, wọ́n dì í sínú páálí, wọ́n sì tà á padà fún un.

Bákan náà lọ̀rọ̀ ìbòjú Guy Fawkes tí fíìmù V for Vendetta sọ di gbajúmọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì Anonymous wọ̀ ọ́ ní 2008, àwọn olùfẹ̀hónúhàn Occupy wọ̀ ọ́ ní 2011 láti bú àwọn báńkì, ṣùgbọ́n gbogbo ojúlówó rẹ̀ tí wọ́n bá tà, Time Warner, tó ni fíìmù náà, ló ń gba owó àṣẹ lórí rẹ̀ nígbà náà. Alan Moore tó kọ ìtàn náà ní tiẹ̀ ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lára fíìmù ọ̀hún. Joker dé ní 2019, ó pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lórí ìtàn Arthur, ọkùnrin kan tí ìlú ti pa tì. Àtẹ̀gùn tí Arthur ti jó ijó nínú fíìmù náà wà ní Bronx, àdúgbò mẹ̀kúnnù gidi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn àlejò ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń kun ojú, wọ́n ń ya fọ́tò, àwọn tó ń gba ibẹ̀ re ilé ò sì rọ́nà kọjá.

Ẹnìkan á ní eré ṣá ni, kò sẹ́ni tó wo fíìmù tó di apànìyàn. Mo gbà. Ohun tí mò ń sọ kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti fi wákàtí méjì wó báńkì lójú àwòrán, ọkàn rẹ̀ á ti balẹ̀ tó láti lọ san gbèsè báńkì rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ sì tún ń bo ìbéèrè mọ́lẹ̀. Nínú Joker, owó ìjọba tí wọ́n gé, tí Arthur ò fi rí oògùn gbà mọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìbọn ló gba ìyókù. Nínú Fight Club, àwọn ọkùnrin tó kọ̀ láti jẹ́ ẹrú ọ̀gá ọ́fíìsì fá orí wọn, wọ́n gbàgbé orúkọ wọn, wọ́n sì ń ṣe ohun tí ọkùnrin kan ṣoṣo bá ní kí wọ́n ṣe. Fincher mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ lòun ń ṣe. Àwọn tó lẹ àwòrán Tyler mọ́ ògiri ni kò gbọ́.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ: bí kì í bá ṣe owó àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, ta ni ì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà? Òótọ́ ni. Ọdún bíi mẹ́wàá ni Hwang Dong-hyuk fi gbé ìtàn Squid Game kiri kí Netflix tó gbà á, tó sì gbé e jáde ní 2021, ìtàn àwọn onígbèsè 456 tí wọ́n ń kú sínú eré ọmọdé kí olówó lè rí nǹkan wò. Àmọ́ ní 2023, Netflix kó ènìyàn 456 jọ lóòótọ́, ó ní kí wọ́n du mílíọ̀nù 4.56 dọ́là, ó sì ní kí àwa náà wá wò. Ìbọn nìkan ni wọ́n yọ. Tàdáwà ló ń bẹ́ lára ẹni tó bá fìdí rẹmi. Ọ̀rọ̀ náà dé etí wa ṣá o, ìjókòó àwọn olówó inú ìtàn ni wọ́n sì fi wá sí.

Ọdún 2023 yìí kan náà ni àwọn òǹkọ̀wé Hollywood yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 148, àwọn òṣèré sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní oṣù keje. Wọn ò wó ilé, wọn ò kun ojú. Wọ́n kàn gbé kálámù jù sílẹ̀, wọ́n ń gbé páálí kiri níwájú ọ́fíìsì, wọ́n ń béèrè owó tó tọ́ sí wọn lórí ohun tí a ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ààlà fún ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé bí ènìyàn. Ààfin ò lẹ́wà sí i rárá lọ́tẹ̀ yìí: iṣẹ́ dúró, Warner sún Dune: Part Two sí 2024. Bob Iger, ọ̀gá Disney nígbà náà, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní ohun tí wọ́n ń béèrè kọjá ohun tó lè ṣeé ṣe. Disney ọ̀hún ló ra ilé-iṣẹ́ fíìmù Fox ní 2019, Fight Club sì wà nínú ẹrù tó bá a wọlé. Ìyẹn ni pé ọmọ ilé Disney ni Tyler Durden báyìí, kò sì fún un ní wàhálà kankan. Àwọn òǹkọ̀wé tó gbé páálí ló jókòó tì í títí òun àti àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù fi bá wọn ṣàdéhùn ní oṣù kẹsàn-án, owó àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wà níbẹ̀ ní àkọsílẹ̀.