Ìyá Aláǹkárá Bá Omi Ṣọ̀tá

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í bómi ṣọ̀tá. Àwọn àgbà ò tíì dé ọjà ńlá Treichville ní Abidjan nígbà tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ fà mí ní àpótí kan kí n jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ sì mọ̀ mí, èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo máa ń sọ, àti èyí tí ẹni tó rí i bá sọ fún mi, àti èyí tí mo bá ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ìgbà tí oòrùn Abidjan máa ń dúró síni lórí bí ológò. Ìyá Aláǹkárá, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, dìde láti fa aṣọ kan tí oníbàárà ń nàka sí. Ọwọ́ rẹ̀ ò dé ibẹ̀. Ó gbá ògiri mú, ojú rẹ̀ ń yí, ó sì rọra jókòó sórí ìdì aṣọ bí ìgbà tí wọ́n tú afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù. Ọpẹ́lọpẹ́ aṣọ. Ká ní èmi tí mò ń ta ìkòkò ni, orí ìkòkò ni ǹ bá fi orí sọ.

Kí omi tó dé, òfófó ti dé. Ẹni àkọ́kọ́ ní palu, ìyẹn ibà, ni. Ní ìlú yìí, palu ni gbogbo nǹkan: orí fọ́ ọ, palu ni, ọkọ ò sùn sílé, ó rẹ̀ ọ́, palu ni. Ẹnìkejì ní ayé ni, pé láti ọjọ́ tó ti já ẹrù tuntun ni wọ́n ti ń wo ìsọ̀ yẹn. Ẹnìkẹta ní àbí oyún ni. Oyún kẹ̀? Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin! Èmi kọ́ ni mo sọ ti oyún o. Mo kàn bèèrè ni.

Ìyá tó ń ta attiéké ń ké “yako, yako”, ìyẹn pẹ̀lẹ́ ti ará ibí, lọ ní tirẹ̀. Ẹnìkan gbé òróró ìyàsímímọ́ dé, òmíràn gbé kọfí gbígbóná, ẹlòmíràn tú omi Zamzam jáde láti inú báàgì. Nínú gbogbo wọn, ẹni tó mú Zamzam wá ló sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí pé, ó kéré tán, omi ni.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọ Bàbá Alágbo fi dé. Ẹ wo Ọlọ́run: bàbá ń ta àgbo ní igun ọjà, ọmọ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó tú gèlè Ìyá Aláǹkárá, ó ní ká yé pagbo yí Màmá ká kí atẹ́gùn lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ò kúrò, nítorí ìsọ̀ mi nìyẹn. Ó wá bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bèèrè.

“Màmá, ẹ má bínú o. Ìgbà wo lẹ tọ̀ gbẹ̀yìn?”

Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá Aláǹkárá wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀.

“Láàárọ̀.”

“Àárọ̀ ìgbà wo, mà?”

“Lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Kí n tó kúrò nílé.”

Mo fi ìka kà á. Wákàtí mẹ́sàn-án! Ọmọ náà tún bèèrè bí àwọ̀ ìtọ̀ náà ṣe rí. Màmá fèsì wúyẹ́wúyẹ́, mi ò gbọ́, ni mo bá sún mọ́ wọn kí n lè ṣaájò wọn dáadáa. Wọ́n ní bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí.

Ọmọ náà fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn sókè, ó sì fi í sílẹ̀. Awọ yẹn ò tètè wálẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun padà. Ṣùgbọ́n ó ní kí a má gbójú lé ìyẹn nìkan fún àgbàlagbà, nítorí awọ ara wọn ti rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìtọ̀ ni ká máa wò. Bó bá mọ́ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ara ń gbádùn. Bó bá dúdú, tó kéré, tó ń rùn, tí ẹnu gbẹ, tí orí ń fọ́, tí òyì ń kọ́ni béèyàn bá dìde, omi ara ló ti ń gbẹ.

“Àmọ́ òǹgbẹ ò gbẹ mí,” Ìyá Aláǹkárá ní.

Ọ̀rọ̀ ńlá lọmọ náà fi dá wọn lóhùn. Ó ní bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni òǹgbẹ ṣe ń dijú. Ara lè ti máa pariwo kí ọ̀fun tó gbọ́. Ẹni tó bá ń dúró de òǹgbẹ kó tó mumi dà bí ẹni tó ń dúró de ológò kó tó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀, mo máa padà. Omi ló yí Treichville yìí ká. Orí erékùṣù ló wà, ọ̀sà Ébrié ló gbá a mọ́ra, afárá méjì, ti Houphouët-Boigny àti ti De Gaulle, ló so wá mọ́ Plateau. Atẹ́gùn ibí fúnra rẹ̀ tutù rinrin bí aṣọ tí wọn ò tíì sá. Ohun tó ń tan àwa ará ilé nìyẹn. Ní Èjìgbò, nílé wa ní Nàìjíríà, bí ọyẹ́ bá dé, ètè á bẹ́, èèyàn á mọ̀ pé òun gbẹ. Níbí, ara rẹ tutù látàárọ̀, ìwọ rò pé omi ń bẹ. Òógùn ni! Atẹ́gùn ti kún fún omi, kò lè gbà á lára rẹ, kò gbẹ, kò sì tù ọ́ lára. Ó kàn ń ṣàn wọ inú aṣọ ni, ìwọ ń nù ún, o ń pàdánù rẹ̀.

Mo ti padà. Kí ló dé tí Ìyá Aláǹkárá ò mumi? Ṣé kò sí owó ni? Omi ò wọ́n. Ṣé wọn ò mọ̀ pé omi dára ni? Wọ́n mọ̀. Nígbà tí ojú wọn ti là díẹ̀, wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni mò ń sọ ọ́ fún. Wọ́n ní béèyàn bá mumi, yóò tọ̀. Bó bá fẹ́ tọ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò san owó ẹyọ, yóò tò sẹ́yìn èèyàn. Kó tó dé, oníbàárà ti kọjá sí ìsọ̀ kejì. Àti pé ta ni yóò bá òun wo ọjà? Wọ́n wò mí nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Kì í ṣe wọn nìkan o. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà káàkiri, ẹ ó rí i pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe. Ojú ọ̀nà ni púpọ̀ nínú àwa Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Èjìgbò wá sí Abidjan mọ ohun tí mò ń wí. Láti Èkó nìkan, ọ̀nà náà lé ní 1,000 kìlómítà: Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lómé, Accra, Elubo, Noé, ibodè lórí ibodè, awakọ̀ tí kì í dúró àfi tó bá wu òun. Ìyá mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi pé, “Gbé obì sẹ́nu, má mumi.” A dé Treichville, a sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì ò sọ̀ kalẹ̀ nínú wa. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ní láádá, ó sì ní ìṣínu. Èyí tí Ìyá Aláǹkárá ń gbà, kò ní láádá, kò ní ìṣínu.

Ká padà sọ́dọ̀ Màmá nínú ìsọ̀: mo ní ká po iyọ̀ àti ṣúgà fún wọn. Ìmọ̀ tèmi náà nìyẹn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n Fẹlá, ń ṣe mínísítà ìlera ní Nàìjíríà láàárín ọdún 1985 sí 1992, kò sí ìyá ọlọ́mọ tí kò gbọ́ nípa omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọmọ nọ́ọ̀sì ní òótọ́ ni, ó sì kà á fún wa: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà 6 tí a gé orí rẹ̀, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, nítorí iyọ̀ àpọ̀jù lè pa ọmọdé. Ó ní ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, onígbáméjì wọ ibùdó àwọn asásàálà ní Bongaon ní India. Omi tí wọ́n ń fà síni lára tán. Ni dókítà kan, Dilip Mahalanabis, bá ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà sómi, kí àwọn ẹbí máa fún aláìsàn mu. Nínú 100, nǹkan bí 30 ló ń kú tẹ́lẹ̀. Kò tó 4 mọ́. Ó ní ṣúgà ló ń ṣílẹ̀kùn ìfun fún iyọ̀, tí iyọ̀ bá wọlé, omi á tẹ̀lé e. Èyí yé mi kíá. Bí mo-gbọ́-mo-yà ṣe máa ń tẹ̀lé ẹbí ìyàwó wọ ibi àríyá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó ní Màmá ò yàgbẹ́, wọn ò bì. Omi lásán, díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ ibòji, pẹ̀lú oúnjẹ, ti tó wọn. Wọ́n jẹ bàrà olómi ègé méjì lé e. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ti ń dàrú, tàbí tí wọ́n dákú, tàbí tí omi ò dúró nínú wọn, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ìsọ̀ aṣọ. Ọmọ kékeré tó ń sunkún tí omi ò jáde lójú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tí ibi tó rọ̀ lórí rẹ̀ wọlé, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé ìyá-ìyá ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e.

Láàárín wákàtí kan, ojú Ìyá Aláǹkárá ti mọ́lẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ̀. A pàtẹ́wọ́ fún wọn bí ẹni pé ọba ń lọ síbi ìwúyè.

Bí ọmọ nọ́ọ̀sì ṣe fẹ́ lọ, ó yíjú sí mi: “Ẹ̀yin ńkọ́, mà?” Mo ní tèmi le bí ọta. Mo lọ wo ìtọ̀ mi. Ẹ̀yin ará mi, àwọ̀ rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti Ìyá Aláǹkárá. Mo ní oògùn fítámì tí mo lò ni. Ó ní lóòótọ́, fítámì B máa ń sọ ìtọ̀ di ìyeyè tó ń tàn, àmọ́ èyí tí mo júwe yìí kò tàn. Ó ní ìgbà wo ni mo mumi kẹ́yìn. Mo ronú títí. Láti ìgbà tí Màmá ti ṣubú ni mo ti dúró síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí nǹkan kan kọjá mi. Ṣáájú ìyẹn, mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó alágbàfọ̀. Ẹ rán mi létí, màá sọ ti ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.

A ti ṣàdéhùn báyìí. Ike omi kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ tábìlì wa. Bí Ìyá Aláǹkárá bá lọ tọ̀, èmi ni mò ń wo aṣọ. Bí mo bá lọ, àwọn ní ń wo ìkòkò. Lọ́jọ́rú tó kọjá, kí wọ́n tó dé, mo ti bá wọn ta ọ̀pá mẹ́fà méjì, owó pé, mo kó o lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní “Ẹ ṣé.” Ẹ ṣé nìkan o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ wọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn.